Ìkìlọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ẹ̀rọ ìlagi kékeré di èyí tó lè la gẹdú ńlá

Ẹ̀yin ará, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ èyí, ìtìjú ni kò jẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lagi. Èmi làwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bi kí wọ́n tó ra ayùn, èmi náà lẹnì kan wá fi ọ̀dà tuntun tàn bí ọmọdé.

Ẹ̀rọ mi tí mò ń wọ́ kiri kì í la ju igi tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Gẹdú méjì wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 90. Mo ní n ò ní gé wọn kéékèèké kí n fi igi rere ṣòfò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá hẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ (orí ẹ̀rọ tó gbé ẹ́ńjìnì àti wíìlì méjì tí ayùn ń yí lé), réèlì tó nípọn (irin tí hẹ́ẹ̀dì ń rìn lé) àti ẹ́ńjìnì tó lágbára. Bí mo ṣe kó sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tà wọ́n nìyẹn, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, 90 ni hẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ́ńjìnì 13 hp ló wà lórí ẹ̀." (Hp la fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnì.) Ó fi fídíò ránṣẹ́, ayùn ń wọ inú igi bí ẹni ń gé ọṣẹ. Mo san gbogbo owó. Gbogbo ẹ̀! Àbúrò mi ní kí n san ìdajì ná, mo ní kó má yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn.

Ẹrù dé, ó ń dán. Ihò bóòtì réèlì ò bá ara wọn mu, mo ní kò burú, mo lu òmíràn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. A gbé igi kan tí kò ju 60 lọ sórí ẹ̀ láti fi dán an wò. Ayùn ò tíì rìn tó apá kan nínú igi tí ohùn ẹ́ńjìnì fi yí padà, bẹ́líìtì ń rú èéfín, ó sì kú. Ayùn há. Ó lé ní wákàtí kan ká tó rí i yọ.

Mo pè é. Ó ní epo mi ni ò dáa. Mo pààrọ̀ epo. Ó ní ayùn mi ló kújú. Mo pààrọ̀ ayùn. Lẹ́yìn náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Ni mo bá tú orí ẹ́ńjìnì, mo wọn fífẹ̀ ihò písítìnì: mílímítà 77. Ẹ́ńjìnì 13 hp tí gbogbo wa mọ̀, 88 ni tiẹ̀, písítìnì ẹ̀ a sì máa rin 64, ìyẹn ló ń jẹ́ 389 cc, bí àyè tí písítìnì ń rìn nínú ẹ̀ ṣe tóbi tó. Èyí tó wà níwájú mi, 270 cc péré, 9 hp, wọ́n kàn lẹ 13 mọ́ ọn lára ni. Lóde, àwọn méjèèjì jọra. Ta ni nínú yín tó ń tú ẹ́ńjìnì tuntun kó tó tan án? Kẹ́nikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ ojúkòkòrò o!

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ti wíìlì tí ayùn ń yí lé. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀dà, mo fi èékánná họ ọ́, pọ́tì funfun já bọ́ sí mi lọ́wọ́, irú èyí táwọn páńbìtà fi ń dí ara ọkọ̀. Lábẹ́ ẹ̀, irin ti sán láti ìdí bẹ́ẹ̀rín títí dé etí. Èmi àtọmọ iṣẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan yẹn, ayùn sì le dan-in dan-in lórí ẹ̀. Ká ní ó fọ́ ńkọ́? Ọ̀daràn ni! Ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣòwò.

Àwọn méjì tó ní kí n pè, tí wọ́n ń yin ọjà ẹ̀, ó dá mi lójú pé wọ́n jọ ń pín owó ni. N ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, àlòkù ni o, tuntun ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ rà: ẹ fi tépù wọn àárín róólà méjèèjì tó ń tọ́ ayùn, torí 90 tó ń pariwo, igi tó lè gba abẹ́ hẹ́ẹ̀dì ni, ìbú tí ayùn lè là gan-an lórí tèmi, 68 ni. Ẹ wo bí irin réèlì ṣe nípọn tó, torí gẹdú tútù tó fẹ̀ ní 90, tó gùn ní mítà 4, lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Ẹ má san owó tán. Ẹni tó bá sì ti ra irú ẹrù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan án kẹ́ ẹ tó họ ọ̀dà ara wíìlì méjèèjì.