“Púlà ni púlà ń jẹ́”: ohun tí ojú mi rí lórí fíláìwíìlì Johnson bàbá mi

Etí fíláìwíìlì, irin rìbìtì tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá mi, ti kán níbì kan. Kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kán ni mo ti búra pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí nípa púlà tí mo rà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa nǹkan tó há yọ. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, torí ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn.

Johnson alágbára ẹṣin 18 ni ẹ́ńjìnnì náà, ti ayé àtijọ́. Òun ni bàbá mi fi ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èjìnrìn. OMC, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, ti wọ gbèsè láti oṣù Kejìlá ọdún 2000, kò wá sí ẹni tí èèyàn fẹ́ ké sí. Mo fa okùn títí apá mi fi ń gbọ̀n, púlọ́ọ̀gì ò tanná. Kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì, àwọn tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló kù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, abẹ́ fíláìwíìlì ni àwọn méjèèjì sì sá pamọ́ sí. Orí kiráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí fíláìwíìlì, tín-ín-rín lókè, ó sanra nísàlẹ̀, fíláìwíìlì sì ti jókòó lé e láti ọjọ́ pípẹ́ bí ọmọrí tó há mọ́ ìkòkò. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọwọ́ fà á.

Mo wọ ọjà irinṣẹ́ kan l'Ékòó. Mo ní púlà alábóòtù ni mo fẹ́, èyí tí wọ́n ń fi bóòtù mẹ́ta dè mọ́ àárín fíláìwíìlì. Ọmọkùnrin tó ń tajà ò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ju púlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sórí kántà, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yọ bẹ́árìn.

Mo ní, “Àbúrò, èyí kọ́.”

Ó ní, “Dádì, púlà ni púlà ń jẹ́. Bí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e padà wá.”

₦16,500 ni mo san. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: mo mọ̀ pé etí kọ́ ni wọ́n ti ń fa fíláìwíìlì, àárín ni. Mo kàn gbẹ́kẹ̀ lé “ẹ gbé e padà wá.” Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbọ́ “kẹ́rẹ́”, inú mi dùn pé ó ti tú. Etí ló kán.

Lọ́jọ́ Ajé mo padà lọ. Ọmọkùnrin náà wo púlà, ó ní, “Dádì, ẹ ti lò ó. A kì í gba èyí tí wọ́n bá ti lò.” Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ bí mi ò bá lò ó? Ó ní kí n má pariwo. Mi ò tíì pariwo o. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ariwo yẹn ló gbé ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù dìde nídìí ẹ̀kọ tó ń jẹ lẹ́yìn. “Ẹ má bínú, bàbá. Kí lẹ fẹ́ yọ?” Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Johnson ni, àbí Yamaha?” Ọkàn mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Àṣé Mákòókò ni ọkọ rẹ̀ ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe nígbà ayé rẹ̀. Ó gbé púlà tí mo ń wá jáde, ó ṣí páálí rẹ̀, ó wo bóòtù inú rẹ̀, ó sì kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mílímítà nìwọ̀nyí. Íńṣì ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ bá fi èyí sí i, á wọlé díẹ̀, á há, á sì jẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì yín.” Inú agolo Bournvita ló ti ṣa bóòtù íńṣì mẹ́ta fún mi. Kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ọmọkùnrin wa ti padà sídìí fóònù.

Nílé, mo tú nọ́ọ̀tì òkè, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́ tán. Mo jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú orí kiráńkì, kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì má baà fọ́, kí fíláìwíìlì má sì fò bá mi lójú. Mo de bóòtù mẹ́ta, mo fún ti àárín le, mo tún un fún, mo wá fi òòlù kan án lórí lẹ́ẹ̀kan péré.

Pàá! Bí ìbọn ọdẹ. Ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnnì, ó bá mi níbi tí mo ti ń jó.

Kọ́ìlì méjèèjì ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Kọ́ńtáàtì ti dúdú. Mo fi sáńpépà ha á, mo sì ṣe àlàfo rẹ̀ sí 0.020 íńṣì. Kíì, irin kékeré tó di fíláìwíìlì mú mọ́ kiráńkì, ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ dá fíláìwíìlì padà, kó nu ibi tí òun àti kiráńkì ti pàdé kó gbẹ fúrúfúrú. Ẹ má fi gírísì síbẹ̀ o. Èmi ṣì ń wá kọ́ìlì.

Púlà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Irin rẹ̀ rọ̀. Ìlò ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹnu bóòtù àárín ti fẹ̀ bí olú, ọ̀dà rẹ̀ sì ti bó sí mi lọ́wọ́. Páálí ní gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń yọ. Irọ́ ni.

Ó yẹ kí n yọ ìràwọ̀ kan nítorí irin, ọ̀kan nítorí ọmọkùnrin yẹn, ọ̀kan nítorí etí fíláìwíìlì bàbá mi.

5 nínú 5. Ìyá yẹn ni mo fún.