Morris Minor sálúùnù àti Morris Minor Traveller: mo ti wa méjèèjì, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi

Mọ́tò kékeré àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Morris Minor: sálúùnù ni mọ́tò ilé lásán, Traveller sì ni èyí tí wọ́n fi igi kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ wo Traveller kan tí wọ́n ń tà. Igi ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán gbinrin. Fániṣì ọ̀tun. Mo ti ẹnu kọ́kọ́rọ́ ilé mi bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, níbi tí igi ti pàdé irin lókè táyà, ló bá wọlé bí ọ̀bẹ tó wọnú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àpọ́njù. Omi sun jáde. Ọkùnrin tó ń tà á wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí, ó ní, "Òjò kékeré ló pa á, sà." Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí n rí ìdí ẹ̀. Ó ní ẹnì kan ń pe òun. Fóònù ò dún o! Ó ṣáà gbé e sétí, ó bọ́ síta.

Ohun tó sọ nígbà tó padà dé ló bí mi nínú jù: pé mọ́tò tó bá ti lé lógójì ọdún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fi dandan yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún mọ́, kí wá ni mò ń tú nídìí igi? Òfin sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igi ash ara Traveller kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Láti 1953 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é títí di 1971, igi yẹn ló gbé ẹ̀yìn mọ́tò dúró, àti òrùlé, àti fèrèsé, àti ilẹ̀kùn. Tó bá ti jẹrà, mọ́tò ń tú lọ nìyẹn. Ọkùnrin yìí mọ̀, ló ṣe kùn ún.

Sálúùnù mi ò mọ irú wàhálà yìí. Irin ni látòkè délẹ̀. Ìpẹtà lọ̀tá ẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ á sì bá ẹ kápá ẹ̀. Ó fúyẹ́, sítíárì ẹ̀ ò purọ́: ibi tó o bá kọ ọ́ sí ló ń lọ. Issigonis, ẹnjiníà tó wá ṣe mọ́tò Mini lẹ́yìn náà, ló ṣe é, ó sì hàn. Onílẹ̀kùn méjì ni tèmi, nítorí náà bí ìyá ìyàwó mi bá ń bá wa lọ òde, gèlè á kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn, màmá á tẹ̀ lé e. Traveller ò sàn jù ú lọ níbi yẹn.

Bàbá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tóun náà ń ta Traveller ẹ̀, ló mú inú mi rọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gé igi tuntun sára Traveller ẹ̀, ó sì ya fọ́tò gbogbo oríkèé. Ó fún mi ní ìṣó, ó ní kí n gún ibi tó bá wù mí. Kò wọlé níbì kankan. Ó tún ní kí n dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo dọ̀bálẹ̀ fágbà, àbí kí la wá fẹ́ ṣe? Abẹ́ mọ́tò ló fẹ́ fi hàn mí, ibi tí wọ́n ń fín gírísì sí lẹ́sẹ̀ iwájú. Ẹni tó bá fi gírísì du ibẹ̀, táyà lè ká sábẹ́ mọ́tò lójú títì. Sálúùnù náà ní àìsàn yìí. Ìgbà tó dórí owó, mo nájà títí, bàbá kàn ń bu tíì fún mi ni. Kò yọ kọ́bọ̀.

Ṣé Traveller wá dáa jù ni? Rárá o. Ariwo ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn ń gba àárín ilẹ̀kùn wọlé, ewédò ń hù sétí fèrèsé nígbà òtútù, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ń ha á. Fániṣì ò tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì gbàyàù, tí mo ká àga, kúlà ìrẹsì àti ìkòkò ọbẹ̀ ń wọlé láìtẹ̀.

Sálúùnù: 8 nínú 10. Traveller: 6. Oní-fániṣì: òdo. Mo ti ta sálúùnù. Traveller ni mò ń wà.