Àgbéyẹ̀wò Volkswagen Ìjàpá 1300: ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì ṣe é wa lójú títì

Ooru ilẹ̀ wa kọ́ ló ń pa Ìjàpá. Àwa tí à ń tú páànù ara ẹ́ńjìnì rẹ̀ dànù ni à ń pa á. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan, tó fẹ́ máa wa á dípò kó kàn gbé e kalẹ̀ fún ìran wíwò, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mò ń yẹ̀ wò ni 1300: ẹ́ńjìnì 1285 cc tó wà lẹ́yìn, pístìnì mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, iná 12 fóòlìtì, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, Bràsíìlì sì ni wọ́n ti ń kó ohun èlò Ìjàpá wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èyí tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ wa fi bá èyí tí àwọn ará Bràsíìlì ń pè ní Fusca tan. Àǹfààní gidi ni, nítorí pé Bràsíìlì ṣe é títí di 1986, wọ́n tún padà sí i láti 1993 sí 1996, Mẹ́síkò ní tiwọn kò dáwọ́ dúró títí di oṣù keje 2003. Páàtì rẹ̀ kò tíì wọ́n bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra pístìnì àti bárẹ̀lì (ilé tí pístìnì ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀), ẹ bèèrè ti Bràsíìlì kí ẹ tó gba èyíkéyìí tí wọ́n bá nà sí yín ní Ládípọ̀.

Lójú títì, ọkọ̀ yìí dùn ju bí ẹni tí kò wà á rí ṣe rò lọ. Iwájú rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà sítíárìn tí kò ní páwà kò wúwo rárá. Gíà mẹ́rin ló ní, wọ́n sì ń wọlé wẹ́rẹ́; fún rífáàsì, ẹ tẹ ọ̀pá gíà wọlẹ̀, ẹ tì í sósì, ẹ wá fà á sẹ́yìn. Eré 80 sí 90 km ní wákàtí ló bá a lára mu. Ó lè sá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ariwo yóò dé, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lórí Third Mainland yóò sì máa tì í kiri. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Wípà rẹ̀ lọ́ra, iná iwájú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀; èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní òru òjò.

Ohun tó yẹ kí awakọ̀ tuntun mọ̀ jù lọ ni bí fáànù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Fáànù wà lára dáínámò, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yára sí ni fáànù ń fẹ́ sí. Ẹni tó sáré ti gíà kẹrin kí epo má baà tán, tó wá ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lórí òkè ní 45 km, ẹrù wúwo ló dì lé ẹ́ńjìnì lórí, tó sì tún du ú ní atẹ́gùn. Tí eré bá ti wálẹ̀ sí 55, ẹ padà sí gíà kẹta. Lórí òkè, ẹ padà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù: ẹ́ńjìnì tó kàn dúró tó ń mí kò jó epo púpọ̀, kò sì sí omi tí yóò hó.

Ṣùgbọ́n gbogbo páànù rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé o. Rọ́bà kan wà tó yí ẹ́ńjìnì po, tó dí àlàfo tó wà láàárín páànù ẹ́ńjìnì àti ara ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má ṣe jẹ́ kí ooru sàlẹ́ńsà tó wà nísàlẹ̀ gòkè wá sínú yàrá ẹ́ńjìnì, nítorí inú yàrá yẹn ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn. Àwọn mẹkáníìkì kan kì í dá a padà tí wọ́n bá ti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Bákan náà ni àwọn páànù kékeré tó wà lábẹ́ bárẹ̀lì, tó ń darí atẹ́gùn yí i ká: ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti sọnù. Àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú páànù fáànù ń kọ́? Tí tẹmọ́sítáàtì tó ń ṣí wọn tó sì ń pa wọ́n dé bá ti kú, ẹ so wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n ti ṣí pátápátá, ẹ má yọ wọ́n, torí àwọn náà ló ń darí atẹ́gùn síbi tó yẹ.

Pístìnì kẹta, èyí tó wà lósì ní ìhà gíà, ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Orí rẹ̀ ni kúlà ọ́ìlì dúró sí, atẹ́gùn tó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbóná kó tó dé. (Láti ọkọ̀ ọdún 1971 ni àwọn ará Jámánì ti gbé kúlà náà kúrò lójú ọ̀nà.) Fáàfù sàlẹ́ńsà tibẹ̀ ni orí rẹ̀ ń já bọ́ sínú bárẹ̀lì, ẹ́ńjìnì á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣàdédé já, ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú, tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà láàárín fáàfù àti ohun tó ń tì í, ni ẹ ó sì ti rí i.

Ẹ máa wo tápẹ́ẹ̀tì ní gbogbo 5,000 km, láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnì ti sùn mọ́jú tó tutù wọ̀ọ̀. Fíílà géèjì (ewé irin tí a fi ń wọn àlàfo) 0.15 mm, sípánà 13, sípánà 21 àti sukudiráfà ni ẹ nílò. Ẹ ṣí orí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ẹ fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì púlì dáínámò títí rótọ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ yóò fi kọjú sí ìlà tó wà létí dísítíríbútọ̀, tí àmì ara púlì ìsàlẹ̀ yóò sì bá ojú ibi tí kéèsì ẹ́ńjìnì ti pàdé mu. Pístìnì kìíní nìyẹn. Ẹ ṣí ìdérí tó bo fáàfù, ẹ tú nọ́ọ̀tì 13, ẹ yí sukúrù títí géèjì yóò fi máa wọlé pẹ̀lú ìfà díẹ̀, ẹ mú nọ́ọ̀tì le, ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń yẹ̀ bí ẹ bá ń mú un le. Lẹ́yìn náà, ẹ yí púlì ìsàlẹ̀ sẹ́yìn ní ìlàjì fún pístìnì kejì, ìlàjì mìíràn fún ìkẹta, òmíràn fún ìkẹrin. Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdérí.

Tí àlàfo fáàfù kan bá ń dínkù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wò ó, fáàfù yẹn ń nà, tàbí ìjókòó rẹ̀ ń wọlé. Ẹ sọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà kalẹ̀ kí fáàfù tó já. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fún tápẹ́ẹ̀tì pọ̀ kí ariwo lè dákẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ kò burú. Èyí tó dákẹ́ pátápátá ló ń jó fáàfù.

Ọ́ìlì: lítà méjì ààbọ̀ péré, kò sì ní fíltà, asẹ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fara mọ́ SAE 40 fún ilẹ̀ gbígbóná, kí ẹ sì máa pa á dà ní 2,500 km nínú eruku àti gósílò wa. Nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́fà tó de asẹ́ kò fẹ́ agbára, 7 Nm péré ni (Nm ni a fi ń wọn agbára tí a fi ń mú nọ́ọ̀tì le). Ẹni tó bá fi gbogbo ara fà á yóò já bóòtì mọ́ inú kéèsì.

Iná ló ń jó Ìjàpá púpọ̀. Ọ́ọ̀sì epo gba òkè dísítíríbútọ̀ kọjá. Nígbà tó bá gbó, epo á máa ro sórí iná. Ẹ lo ọ́ọ̀sì 5.5 mm pẹ̀lú kílíìpù ní gbogbo ojú rẹ̀, ẹ pa á dà lọ́dọọdún, ẹ má sì fi fíltà oníke kọ́ sínú yàrá ẹ́ńjìnì, torí ìwúwo rẹ̀ ló ń fa páìpù kékeré tí wọ́n kàn tẹ̀ mọ́ ara kábúrétọ̀ yọ. Kéèsì ẹ́ńjìnì ní magnésíọ̀mù nínú: tó bá ti gbiná, omi á mú un le sí i ni, nítorí náà ohun èlò ìpaná onípáúdà ni kí ẹ gbé sínú ọkọ̀. Bátìrì náà wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Tí ẹni tó sanra bá jókòó lé e, síprìn á kan orí bátìrì. Ẹ fi ìdérí rọ́bà bò ó.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ irú èyí tó máa ń yẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí a bá sáré wọ kọ́nà, tí a sì wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo lójijì. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ sì tẹ epo díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má gbà kí fọkánáísà fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 35: iwájú 18, ẹ̀yìn 27 ni ti táyà rédíálì. Nọ́ọ̀tì 36 tó de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fẹ́ ìwọ̀n 300 Nm ó kéré tán. Tó bá dẹ̀, ẹ ó gbọ́ “kọ́” bí ẹ bá ti rífáàsì bọ́ sí gíà kìíní, dúrọ́ọ̀mù yóò sì jẹ eyín rẹ̀ tán.

Nígbà rírà, ẹ di púlì ìsàlẹ̀ mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Tó bá ń dún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àyè tó fi ń lọ bọ̀ ti kọjá 0.15 mm, kéèsì fẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo abẹ́ bátìrì àti igun abẹ́ ilẹ̀kùn fún ìpẹtà, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kiri ara rẹ̀, torí páńẹ́ẹ̀bítà mọ bí wọ́n ṣe ń fi fílà tí kì í ṣe irin bo ihò.

Kò sí ìrìn àjò láìsí bẹ́líìtì kejì nínú ọkọ̀. Tí iná pupa dáínámò bá tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí fáànù náà ti lè dúró. Ẹ fi sukudiráfà ti ihò ara púlì, ẹ tú nọ́ọ̀tì 21, púlì á yà sí méjì. Láàárín rẹ̀ ni wáṣà pẹlẹbẹ wà: bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ gbé e síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì kó má baà sọnù; bó bá le jù, ẹ dá ọ̀kan padà sáàárín. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wọlé ní 15 mm. Tuntun máa ń nà, nítorí náà lẹ́yìn 100 km, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò.