Amsterdam: ká gun kẹ̀kẹ́ ni àbí ká wọ tram, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lójú títì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ṣáá, tó bá jẹ́ ti owó, kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ bá háyà láàárọ̀ lẹ máa lò dalẹ́, ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìn Centraal Station, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá wọn, pàápàá, ọ̀fẹ́ ló ń gbé tẹ̀yin ti kẹ̀kẹ́ sọdá sí Noord, apá ìlú tó wà ní òdìkejì omi. Tram ní tiẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lowó ń lọ, àfi tẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti dùn mọ́ mi jù ni Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ la abẹ́ ilé náà já gbangba! Tram ò lè gbé yín gbabẹ̀.

Ewu ńkọ́? Irin tí tram ń gbà lójú títì máa ń há táyà kẹ̀kẹ́, ẹ dábùú ẹ̀ ni o, ẹ má bá a lọ gbọọrọ. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan ò ní bíréèkì lọ́wọ́, ẹ máa tẹ pẹ́dà sẹ́yìn kó tó dúró. Olè kẹ̀kẹ́ náà pọ̀, ẹ so kẹ̀kẹ́ yín mọ́ irin tó dúró gbọin. Fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́, òfin ti kà á léèwọ̀ láti 2019.

Tójò bá ń rọ̀ tàbí tẹ́ ẹ mú màmá àgbà dání, ẹ wọ tram. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa tí ojú ọjọ́ sì dáa, kó gun kẹ̀kẹ́ jàre.