Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá SACH lórí òkè Abẹ́òkúta

Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, SACH (Solid Ankle Cushion Heel, ìyẹn ẹsẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kì í ká, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tìmùtìmù) ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Owó rẹ̀ kò gani lára, kò sì ní oríkèé tó lè bàjẹ́. Igi tàbí ike líle ló wà nínú rẹ̀, fóòmù yí i ká, tìmùtìmù rírọ̀ sì wà ní gìgísẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó dára gan-an.

Àmọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò tẹ́jú. Ẹsẹ̀ tí a bí mọ́ni ní eegun 26 àti oríkèé 33. Téèyàn bá ń gòkè, ọrùn ẹsẹ̀ lè ká sókè tó ìwọ̀n digirí 20. Iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á nà, á pa agbára mọ́, á sì fi ti ara síwájú. Ọrùn SACH kì í ká rárá, nítorí náà orúnkún àti ìbàdí ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Lórí àtẹ̀gùn Olúmọ, ẹsẹ̀ gidi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé tẹ́ ẹ bá ń gòkè. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àtọwọ́dá ṣáájú.

Ìwọ̀n ara yín ni wọ́n fi ń yan tìmùtìmù gìgísẹ̀. Tó bá le jù, bẹ́ ẹ bá ṣe ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ ni orúnkún á máa já síwájú. Gíga gìgísẹ̀ bàtà náà ṣe pàtàkì. Bẹ́ ẹ bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ara á fì sẹ́yìn, orúnkún á sì máa tì sẹ́yìn. Ẹ fi ìtìlẹ́yìn tó ga bíi gìgísẹ̀ bàtà yẹn sábẹ́ gìgísẹ̀, nínú ìbọ̀sẹ̀.

Ibi tí ìyà ti ń jẹ èèyàn jù ni ihò tí kùkùté ẹsẹ̀ ń wọ̀. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń nípọn síi bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n awọ kùkùté kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kùkùté á máa fọn, ihò kò ní fọn. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kún un kó lè fún dáadáa. Ojú ibi tó bá pọ́n, tí kò sì tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi 15 tẹ́ ẹ ti bọ́ ọ, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Omi ni ọ̀tá SACH. Tí fóòmù bá ya, igi inú á jẹrà, kò sì ní san fúnra rẹ̀ bí eegun ṣe ń ṣe. Fún ẹni tó ń pa aró ní Ìtòkú, tó ń lóṣòó nídìí ìkòkò nínú omi, ẹsẹ̀ rọ́bà irú ti Jaipur ní Íńdíà ni kó béèrè, bó tilẹ̀ wúwo ju SACH lọ.