Bọ́ọ̀dù ESP32 tó owó ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi rílé búlúù yẹn tan sumo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa bọ́ọ̀dù ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo fi ń darí sumo tó ń fa omi àti táńkì omi, ẹ gbọ́ o. Bọ́ọ̀dù yẹn dáa gan-an, ó dáa ju iye tí wọ́n ń tà á lọ, pàápàá fún ilé tí NEPA ti ń mú iná lọ mú un wá bó ṣe wù wọ́n. Àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń kó mọ́ ọn tà féèyàn ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Espressif ti Shanghai ní Ṣáínà ló ṣe chip tó wà lórí ẹ̀, 2016 ló jáde, ESP8266 tó jáde ní 2014 ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Wáífáì wà nínú ẹ̀, Bluetooth wà nínú ẹ̀, kọ́ọ̀ méjì (ọpọlọ tó ń ronú fún un) tó lè sáré dé 240 MHz, gbogbo ẹ̀ ò sì gùn tó ìka àárín mi. Èmi ò jókòó kọ kóòdù kankan rẹpẹtẹ, ESPHome ni mo lò, ètò ọ̀fẹ́ tó ń bá èèyàn kọ kóòdù sínú bọ́ọ̀dù yìí, ìlà mélòó kan lèèyàn máa kọ síbẹ̀, tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kébù USB ó parí, tí mo bá tún fẹ́ yí nǹkan padà báyìí orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń fi wáífáì rán an sí i.

Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Kí détà tán, kò kàn án. Kódà kí rọ́tà kú, òfin tí mo kọ sínú bọ́ọ̀dù náà pé tí omi bá kún kó pa sumo, inú ẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: bí ESPHome ṣe wà látilẹ̀, tí kò bá rí wáífáì tàbí Home Assistant (ètò tó ń kó gbogbo ẹ̀rọ inú ilé jọ síbì kan) fún ìṣẹ́jú 15, á pa ara ẹ̀, á tún tan ara ẹ̀ padà. Ní ìlú tí rọ́tà ti ń kú pẹ̀lú iná, á kàn máa kú máa jí ṣáá ni, sumo tó ń fa omi lọ́wọ́ á dúró lójijì. Ẹ fi reboot_timeout sí 0s lábẹ́ wifi, kẹ́ ẹ tún fi sí 0s lábẹ́ api. Kẹ́ ẹ sì fi restore_mode ti súwíìṣì sí ALWAYS_OFF, kí sumo má lọ dédé tàn fúnra ẹ̀ lóru nígbà tí wọ́n bá mú iná wá.

Ó wá kan rílé, ìyẹn súwíìṣì tí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa. Rílé búlúù kékeré tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn, wọ́n kọ 10A sára ẹ̀, ẹlòmíì á ní ṣebí sumo 1HP ò ju 746W lọ, iná tó ń jẹ ò ṣáà tó 10A. Pé kò tó 10A, òótọ́ ni, tó bá ti ń yí lọ. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra ni wàhálà wà, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po, ibẹ̀ ni irin inú rílé yẹn ti máa jó lẹ̀ mọ́ra wọn. Tó bá ti lẹ̀, orí fóònù á máa sọ fún yín pé ẹ ti pa á, omi á sì máa ṣàn gba orí òrùlé. Kọ́ńtákítọ̀, súwíìṣì ńlá tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, ni kẹ́ ẹ rà jàre, kí rílé máa tan kọ́ńtákítọ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ gbé sumo. Tẹ́ ẹ bá sì ń fọwọ́ kan 230V tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ṣájà gbàrọgùdù náà ń yọ bọ́ọ̀dù yìí lẹ́nu, wọ́n á ní bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Tó bá ń kú ń jí, tẹ́ ẹ rí "Brownout detector was triggered" nínú log (àkọsílẹ̀ tí bọ́ọ̀dù ń kọ jáde), iná ni kò yó o, wáífáì ẹ̀ máa ń já iná mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí ṣájà padà, kẹ́ ẹ yí kébù tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ yẹn padà pẹ̀lú.

Sẹ́ńsọ̀ JSN-SR04T tí kò bẹ̀rù omi, tó ń wọn bí omi ṣe jìnnà sí i, ni mo fi sí ìdérí táńkì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi tó bá ti sún mọ́ ọn tó nǹkan bíi 20 sí 25 cm, kò ríran rí i mọ́, ìsọkúsọ ló máa kà fún yín, torí náà ẹ gbé e sókè díẹ̀ ju ibi tí omi ń kún dé. 5V ló fi ń fọhùn, 3.3V sì ni ESP32 lè gbà, rẹ̀sísítọ̀ 1k àti 2k ló máa bá yín gé e kù.

Kẹ́ ẹ tó ra bọ́ọ̀dù, ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó, òmíì fẹ̀ jù lórí breadboard (pátákó oníhò tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀), ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ rí ihò ki wáyà sí. Pínnì 34, 35, 36 àti 39, ẹ má fi rílé síbẹ̀ o, wọ́n kàn lè gbọ́ ni, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wáífáì 5GHz, kò mọ̀ ọ́n, 2.4GHz nìkan ló mọ̀.

Tó bá jẹ́ gílóòbù pálọ̀ nìkan lẹ fẹ́ máa fi fóònù tàn, ẹ má dara yín láàmú, súwíìṣì wáífáì tí wọ́n ti ṣe tán wà lọ́jà. Ẹ ṣáà bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bá sáfà, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn, lókè òkun sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan gílóòbù tó wà lókè orí yín.