Ọdún Méjì Pẹ̀lú Ewéko Mọ́ńdò Lábẹ́ Igi Máńgòrò: Àgbéyẹ̀wò láti Adó-Èkìtì

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa ní Adó-Èkìtì ti sú mi tipẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ mọ́ńdò rárá. Ibẹ̀ gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 3, oòrùn kì í sì í débẹ̀ ju ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ́ gba àárín ewé kọjá lówùúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ tó kú: òjìji kò jẹ́ kó gbádùn, gbòǹgbò máńgòrò ń fa omi mọ́ ọn lẹ́nu, ewé tó ń já bọ́ sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe sábà máa ń rí, gbogbo òjò ńlá ló ń gbá nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ sójú títì, títí tí gbòǹgbò igi náà fi yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó.

Ẹnì kan tó ń ta fúláwà lẹ́bàá ọ̀nà ló fi ewéko yìí hàn mí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ó ní, “Màmá, koríko ni, kò sí ibi tí kì í hù sí, kó tó di Kérésì ilẹ̀ yín á ti tutù minimini.” Mo ra ọ̀rá 150 lọ́wọ́ rẹ̀ ní náírà 400 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wá gbìn ín. Kò sí ẹyọ kan tó jóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ yẹn. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí lónìí bóyá kí ẹ gbìn ín, n ó ní kí ẹ gbìn ín. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ewéko náà ní mẹ́rin, mo sì fún iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe nílé mi ní méjì.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, kì í ṣe koríko. Ophiopogon japonicus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ilẹ̀ Jàpáánù, Ṣáínà àti Kòríà ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó sún mọ́ asparagus, ìyẹn ewébẹ̀ òyìnbó kan, ju bó ṣe sún mọ́ ẹẹ́ran tàbí gbági lọ. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú ju ewé koríko lọ, ó máa ń tẹ̀ síwájú bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, kì í sì í wọ́ dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú tí mo gbìn máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30; irú kúkurú kan wà tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. “Irùngbọ̀n ejò” ni ìtumọ̀ Ophiopogon, láti inú èdè Gíríìkì. Mo ṣe àṣìṣe láti sọ èyí fún ìyá àgbà tó wà nílé kejì wa, ó sì wò mí títí, ó ní ṣé èmi náà ni mo fowó mi ra ohun tí yóò pe ejò wá sílé. Ojú mi kò tíì rí ejò kankan níbẹ̀ o.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ibẹ̀ ni owó mi bá lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ri ewéko yìí mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbin ẹ̀bù iṣu. Ọ̀gangan ibi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò kò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Ojú ilẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òjò oṣù kẹfà, mo fọwọ́ kan ewé kan báyìí, gbogbo rẹ̀ sì tú sí mi lọ́wọ́ láìjà: ìdí rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀pa, ó rọ̀, ó ń rùn bí omi ẹ̀kọ tó kan. Nígbà tí mo kà wọ́n, nǹkan bí ogójì ló ti jẹrà bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tí wọ́n dà sí apá kan tún jó ewé ibẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ dáadáa ni mo ń lò nísinsìnyí, ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ̀tàn kejì ni ti iye tí ilẹ̀ yóò gbà. Bí ẹ bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn, ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró yóò gba nǹkan bí ìdì 44. Ilẹ̀ tèmi tó ìlọ́po 12 irú ààyè bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó yẹ kó gba ju 500 lọ. Kí 150 tí mo rà lè dà bí ohun tó tó, ńṣe ni wọ́n fi ààyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín wọn. Ta ni yóò gba ààyè yẹn bí kò ṣe èpò? Odindi ọdún àkọ́kọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ tu èpò, pàápàá èyí tó fara jọ ọ̀fíọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń so kókó, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fa ewé rẹ̀ lónìí, yóò tún yọ lọ́tunla. Mọ́ńdò fúnra rẹ̀ kò mira. Kérésì dé, Kérésì lọ, ilẹ̀ ṣì ń hàn gbangba.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń bomi rin ín lọ́sẹ̀ láti oṣù kejìlá títí wọ inú oṣù kejì. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdì kan ṣoṣo tó kú. Mo mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí mo wú àwọn tó lágbára láti pín wọn. Àwọn kókó funfun wẹ́wẹ́ tó dà bí ẹ̀pà tí kò tíì gbó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, nígbà tí mo sì fi èékánná tẹ ọ̀kan, omi jáde. Àwọn ará Ṣáínà máa ń fi kókó yìí ṣe oògùn, àmọ́ èmi kò gbìn ín torí àtijẹ. Mo fi ọ̀bẹ la ìdì kọ̀ọ̀kan sí méjì tàbí mẹ́ta, mo rí i dájú pé gbòǹgbò wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n dí àwọn ààyè tó ṣófo. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2025, ilẹ̀ sì wá bò.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọ̀gbàrá. Òjò tó ń kó erùpẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ ń gba àárín ewé náà kọjá jẹ́jẹ́ ni, omi tó ń jáde lójúlé wa kò sì pọ́n mọ́. N kò gé e rí láti ọjọ́ tí mo ti gbìn ín. Ó ti yọ òdòdó kéékèèké lẹ́ẹ̀kan, ó sì so èso dúdú bí aró, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ fọwọ́ ya ewé sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó rí i.

Kò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ òun mọ́lẹ̀. Nígbà tí máńgòrò pọ́n, àwọn ọmọ àdúgbò fi eré já ọ̀nà kan gba àárín rẹ̀, ọ̀nà náà kò sì padà bò fún oṣù mélòó kan. Mo wá to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀. Ewé máńgòrò tó bá já lé e lórí, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á. Ní ẹ̀gbẹ́ géètì tí a ti gé ẹ̀ka kan, tí oòrùn ọ̀sán ń kàn án gbọ̀ngbọ̀n, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí náà ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, kó wá nǹkan mìíràn gbìn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀rá kan lójú yín, kí ẹ ka iye ọmọ tó wà lórí gbòǹgbò rẹ̀. Ìdì ńlá 50 tí ẹ lè pín fúnra yín sàn ju ọ̀rá 150 tí ọmọ kan tàbí méjì wà nínú rẹ̀ lọ. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi nípa àwọn tó jẹrà; ó ní omi mi ni kò tó. Ní ti ìyá àgbà ilé kejì, ó wá tọrọ ogún ìdì lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá fún ìdí kànga rẹ̀, ó sì ní kí n gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò dáadáa kí n tó kó o fún òun.